Tòmátì Lábẹ́ Àtíbàbà: Bí Ó Ṣe Lè Máa So Ní Tòjò Tẹ̀ẹ̀rùn

  

Ọ̀rọ̀ tòmátì ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé tòmátì máa ń pọ̀ lọ́jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì máa ń wọ́n gan-an nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tòmátì tí à ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń wá. Wọ́n ń bomi rin ín níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó o wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó àti àwọn ọjà ńlá mìíràn. Bó bá ti di nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù keje, tiwọn á ti fẹ́ẹ̀ tán, tiwa tí a gbìn sóko náà á sì máa kú lábẹ́ òjò. Ìgbà yẹn ni apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan á gbówó lórí, tí àwọn ìyá ilé á máa fi ata nìkan lọ ata.

Ní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bó ti ṣe máa ń rí lọ. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, Kánò àti Kàtsínà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná tilẹ̀ kéde pàjáwìrì lórí tòmátì ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ẹni tó bá ní igi tòmátì bíi mélòó kan tó ń so ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu ọbẹ̀, ó sì lè rí díẹ̀ tà fún aládùúgbò. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn: bí ẹ ṣe lè mú kí tòmátì máa so nílé yín láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá.

KÍ LÓ Ń PA TÒMÁTÌ GAN-AN?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí àgbàdo ni tòmátì rí, pé bó bá ti so tán, ó di kó kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàdo ní tirẹ̀, bó bá ti yọmọ tí ọmọ rẹ̀ gbó, yóò gbẹ ni, bí ẹ tilẹ̀ ń da omi sí i ní àrọ̀ àti alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi ata wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná yín. Ṣé kì í lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, tí ẹ ó sì máa já a jẹ? Ẹbí kan náà ni ata àti tòmátì. Ní ilẹ̀ tí tòmátì ti ṣẹ̀ wá, ní ìhà òkè ńlá Pẹ́rù àti Ẹ́kúádọ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, igi tòmátì lè lò ju ọdún kan lọ láyé. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, òtútù ló ń pa á lọ́dọọdún. Àwa kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Kí ló wá ń pa tiwa?

Nǹkan mẹ́ta ni. Èkíní ni omi òjò tó ń pẹ́ lórí ewé. Ewé tó bá tutù fún wákàtí púpọ̀ ni àrùn àbàwọ́n dúdú ń ráyè wọ̀, tí ewé á máa jó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èkejì ni àrùn inú ilẹ̀, èyí tó ń mú kí igi tútù rọ jọwọlọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni àwa fúnra wa: bí igi bá ti so àkọ́so rẹ̀ tán, a ó pa á tì, a kò ní í bọ́ ọ mọ́, a kò sì ní í ro ti ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí tòmátì máa wà títí, ohun mẹ́ta náà ni yóò gbógun tì. Kí ó mú òjò kúrò lórí ewé, kí ó mú erùpẹ̀ tó ní àrùn kúrò lẹ́sẹ̀ igi, kí ó sì máa mú ọmọ lára ìyá kí ìyá tó darúgbó. Ohun yòókù tí a ó sọ nínú ìwé yìí, àlàyé ohun mẹ́ta yìí ni.

ABẸ́ ÒRÙLÉ NI, KÌ Í ṢE INÚ YÀRÁ

Àwọn kan ti gbìyànjú láti gbé ìkòkò tòmátì sí pálọ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Igi náà á máa fà gbọọrọ, á tínrín, ewé rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì ní í so nǹkan gidi. Oòrùn ni oúnjẹ tòmátì. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ rí oòrùn tó ń kàn án tààrà fún wákàtí 6 lójúmọ́. Fìtílà inú ilé kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un.

Ohun tí a nílò ni òrùlé tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n tí òjò kò lè gbà kọjá. Ẹ fi ọparun tàbí igi gédú kan àtíbàbà sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òjìji ilé tàbí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò bò. Bí ó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, yóò gba àpò tòmátì 12. Kí iwájú rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀, kí omi lè máa ṣàn dànù lórí rẹ̀. Ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara ni ẹ ó fi bo òkè. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ọ̀gbìn fún ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún oòrùn. Ọ̀rá lásán tí a fi ń bo ọjà dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n láàrín oṣù mélòó kan, oòrùn á ti mú un gbẹ, á sì máa fàya. Ẹ wa kòtò kékeré yí àtíbàbà ká, kí àgbàrá má baà wọlé.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rá bo ẹ̀gbẹ́. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti ṣe àṣìṣe náà rí. Àtíbàbà àkọ́kọ́ tí mo kàn, mo fi ọ̀rá bo òkè, mo tún fi dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rò pé bí mo bá ṣe dì í tó ni yóò ṣe dára tó. Nígbà tí oòrùn mú fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, inú ibẹ̀ gbóná bí ààrò. Gbogbo òdòdó já bọ́ sílẹ̀, èso kan ṣoṣo kò dúró. Inú ìwé ni mo ti rí i, ilẹ̀ olótùútù ni ìwé náà sì ń bá wí. Àwọn tiwọn ń dí ilé tòmátì kí ooru má baà jáde. Ooru kọ́ ló wọ́n wa níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kéré yí ẹ̀gbẹ́ ká, kí ewúrẹ́, adìẹ àti kòkòrò má baà wọlé.

ERÙPẸ̀ TÍ A Ó LÒ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Bí igi tòmátì yín bá rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, tí omi kò sì wọ́n ọn, ẹ dán èyí wò. Ẹ gé igi náà ní ìsàlẹ̀. Ẹ rọ omi tó mọ́ sínú ife tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ di igi náà mú kí ojú ibi tí ẹ gé ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi, ẹ má mì í. Bí ohun funfun bíi omi wàrà bá ń ṣàn wálẹ̀ láti ojú ibẹ̀ bí òwú láàrín ìṣẹ́jú mélòó kan, àrùn inú ilẹ̀ nìyẹn. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Kò sí oògùn fífọ́n tó ń wò ó, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó ń mú ata, ikàn, ẹ̀fọ́ òdú àti tábà pẹ̀lú. Ẹ má ṣe bu erùpẹ̀ níbi tí ẹ ti gbin èyíkéyìí nínú wọn rí.

Erùpẹ̀ dúdú abẹ́ igbó tàbí ibi tí àgbàdo wà ló dára. Síbẹ̀, ó sàn kí ẹ sè é kí ẹ tó lò ó. Ẹ rọ omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbá irin, kí ẹ fi igi tàbí irin tẹ́ ìtẹ́lẹ̀ tó ga ju omi náà lọ, kí ẹ fi àpò tẹ́ ẹ, kí ẹ wá da erùpẹ̀ tó tutù díẹ̀ lé e. Ẹ ri ọ̀dùnkún tútù kan mọ́ àárín erùpẹ̀ náà, kí ẹ bo àgbá, kí ẹ dáná sí i lábẹ́. Ooru omi ni yóò sè é. Nígbà tí ọ̀dùnkún bá jinná dáadáa, erùpẹ̀ náà ti jinná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lórí ohun tó mọ́, kí ẹ tó lò ó.

Ẹni tí igi ìdáná wọ́n fún lè lo oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó fi omi rin erùpẹ̀, kí ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ó fi ọ̀rá mímọ́ gaara bò ó, kí ó sì ki etí ọ̀rá náà mọ́lẹ̀. Kí ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ooru oòrùn yóò pa púpọ̀ nínú kòkòrò àti aràn wínníwínní tó ń di kókó sí gbòǹgbò tòmátì.

Bí ẹ ó ṣe pò ó nìyí: korobá erùpẹ̀ dúdú 3, korobá ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà 1, korobá yanrìn tàbí èèpo ìrẹsì 1. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ fún nǹkan bí oṣù méjì kó jẹrà dáadáa, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Àpò ìrẹsì tí ẹ ká wálẹ̀ dé ìdajì, tàbí rọ́bà ọ̀dà lítà 20, tó fún igi kan. Ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò jáde. Ẹ má gbé àpò lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e lórí búlọ́ọ̀kù tàbí pákó, kí omi ilẹ̀ má baà gbé àrùn wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá sè erùpẹ̀ tán tí ẹ wá gbé e lé ilẹ̀ tó ní àrùn, iṣẹ́ àṣedànù ni.

IRÚGBÌN ÀTI GBÍGBÌN

Oríṣi tòmátì méjì ló wà. Ọ̀kan kúrú, ó máa ń tanná lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń so gbogbo èso rẹ̀ pọ̀, bí Roma àti UC82B. Èkejì ń fà lọ sókè, ó sì ń tanná bó ti ń ga sí i. Èyí tó ń fà ló dára jù fún àtíbàbà, pàápàá tí èso rẹ̀ bá kéré, nítorí onísó wẹ́wẹ́ máa ń fara da ooru ju onísó ńlá lọ. Ẹ lè bèèrè ìmọ̀ràn lórí irúgbìn lọ́wọ́ NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà ní Ìbàdàn, tàbí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lágbègbè yín.

Ẹ gbin irúgbìn sínú nọ́sìrì, nínú abọ́ tó ní erùpẹ̀ sísè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, nígbà tó bá ní ewé gidi 4 tàbí 5, ẹ lọ́ ọ sínú àpò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ rì í jìn ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ibi gbogbo tí erùpẹ̀ bá bò lára igi tòmátì ló ń yọ gbòǹgbò. Igi kan ṣoṣo sínú àpò kan. Ẹ má ṣojúkòkòrò.

ÌTỌ́JÚ OJOOJÚMỌ́

Nígbà tí a ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀ kan, bàbá àgbàlagbà kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ni yóò máa pọn omi fún tòmátì nígbà tí òjò ń rọ̀ níta?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n òjò kì í bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá ó tó. Bí a bá jẹ́ kí òjò bu omi fún tòmátì, a kò ní í lè dá a dúró. Bí àwa bá ń bù ú fún un, ìwọ̀n tó fẹ́ ni yóò gbà." Ẹ gbé àgbá sábẹ́ páànù ilé yín kí ẹ gbe omi òjò, kò ní í di pé ẹ ń lọ odò. Ẹ bo àgbá náà kí ẹ̀fọn má baà pamọ sí i.

1. Omi: Igi tó bá ti dàgbà ń fẹ́ lítà 1 sí 2 lójúmọ́. Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀. Bó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ sì da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Bí ẹ bá fi omi pa á lóǹgbẹ lónìí, tí ẹ wá rì í sómi lọ́la, ìdí èso á dúdú, á sì rà, tàbí kí èso fọ́. Kì í ṣe àrùn àkóràn. Omi tí kò dọ́gba ló sábà máa ń fà á.

2. Okùn: Ẹ so okùn láti òkè àtíbàbà wálẹ̀, kí ẹ máa wé igi náà mọ́ ọn bó ti ń ga. Ẹ má jẹ́ kí ewé kan ilẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ tó bá ti pọ́n, ẹ já a kúrò.

3. Mímì: Níta, atẹ́gùn àti oyin ló ń mi òdòdó tòmátì kí àtíkè inú rẹ̀ lè dà sílẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà tí nẹ́ẹ̀tì yí ká, àwa la ó ṣe é. Lárọ̀ọ̀rọ̀, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, ẹ fi ìka ta okùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta gìtá. Kò gba ìṣẹ́jú 5 fún àpò 12, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

4. Oúnjẹ: Nígbà tí èso àkọ́kọ́ bá ti tó kóró àgbàdo, ẹ fi ajílẹ̀ òyìnbó NPK 15-15-15 ìwọ̀n ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan sí àpò kọ̀ọ̀kan, kí ó jìnnà díẹ̀ sí igi, kí ẹ bo erùpẹ̀ lé e, kí ẹ sì bomi rin ín. Ẹ máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ má sọ pé kí ó tètè dàgbà, kí ẹ wá bu ìlọ́po méjì sí i. Ewé ni yóò kún, èso kò ní í sí.

ỌMỌ ABÍYÁ: IBI TÍ ÀṢÍRÍ WÀ

Ẹ wo ibi tí ewé ti so mọ́ igi tòmátì. Ẹ ó rí ẹ̀ka kékeré kan tó ń yọ ní abíyá ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọmọ abíyá. Bí ẹ bá fi gbogbo wọn sílẹ̀, igi á di igbó, atẹ́gùn kò ní í ráyè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, à ń fi ọwọ́ ká púpọ̀ nínú wọn kúrò nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ẹ má da gbogbo wọn nù, torí ọmọ abíyá kọ̀ọ̀kan lè di odindi igi.

Ẹ yan ìyá tí ara rẹ̀ le jù, tó ti so dáadáa, tí ewé rẹ̀ kò ká kò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ abíyá kan tàbí méjì gùn tó íǹṣì 5 tàbí 6. Ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ ti fi omi híhó fọ̀ gé e ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti òdòdó bó bá ti ní. Ẹ kì í bọ erùpẹ̀ sísè tó tutù nínú agolo kékeré, kí ẹ gbé e síbi òjìji, kí erùpẹ̀ náà má gbẹ. Ó lè kọ́kọ́ rọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má fòyà. Láàrín ọjọ́ 7 sí 14, yóò ti ta gbòǹgbò. Ẹ wá lọ́ ọ sínú àpò ńlá.

Ànfààní rẹ̀ pọ̀. Ọmọ abíyá máa ń tètè so ju èyí tí a fi irúgbìn gbìn lọ, torí ara àgbà ló ti wá. Ó sì jọ ìyá rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irúgbìn olówó gọbọi tí wọ́n ń pè ní F1 mọ̀ pé bí ẹ bá sá irúgbìn inú èso rẹ̀ tí ẹ tún gbìn ín, kì í jọ ti àkọ́kọ́ mọ́. Ọmọ abíyá kò ní wàhálà yẹn.

Ṣùgbọ́n o, bí ọmọ ti ń jogún ẹwà ìyá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń jogún àrùn. Bí ewé ìyá bá ká kò, tó pọ́n, tó sì kéré, àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má mú ọmọ lára rẹ̀ láéláé.

ÈTÒ ỌDÚN KAN FÚN ÀPÒ 12

Ẹ pín àpò 12 náà sí méjì: 6 fún ìyá, 6 fún ọmọ.

Àárín oṣù kejì: Ẹ gbin irúgbìn sí nọ́sìrì.
Àárín oṣù kẹta: Ẹ lọ́ ọ sínú àpò 6 àkọ́kọ́.
Ìparí oṣù karùn-ún: Èso bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, lásìkò tí tòmátì wọ́n lọ́jà. Ẹ gé ọmọ abíyá, kí ẹ mú un ta gbòǹgbò fún àpò 6 kejì.
Oṣù kẹjọ: Ọmọ ti ń so. Ìyá ti rẹ̀, ẹ fà á tu. Ẹ pààrọ̀ erùpẹ̀ àpò rẹ̀ tàbí kí ẹ tún un sè. Ẹ gé ọmọ abíyá lára àwọn tó ń so, kí ẹ gbìn ín síbẹ̀.
Oṣù kọkànlá: Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀.
Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e: Ẹ padà sí irúgbìn tuntun, kí àrùn tó bá ti fara pamọ́ lè dópin.

Nígbà ooru oṣù kejì sí ìkẹrin, òdòdó lè máa já bọ́ nítorí pé òru kì í tutù. Ẹ má bínú sí i. Ẹ máa fún un lómi déédéé, yóò padà so.

KÒKÒRÒ ÀTI ÀRÙN

Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ẹ máa yẹ ewé wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òkè àti abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀nà funfun tó fẹ̀ lára ewé bí ẹni pé nǹkan há inú rẹ̀ jẹ, tàbí ihò kékeré lára èso, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Tuta. Ẹ já ewé àti èso náà, kí ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Ẹ má jù ú sí ààtàn.

Fún kòkòrò funfun wínníwínní tó máa ń fò nígbà tí ẹ bá mi ewé, àwọn náà ló ń kó àrùn ewé kíká kiri. Ẹ gún kóró èso dóńgóyárò gbígbẹ ní ìdajì kílò, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, dé abẹ́ ewé, nítorí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Igi tí ewé rẹ̀ bá ti ká kò, ẹ fà á tu kíá, ẹ má ṣàánú rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sìgá tàbí tó fín áṣáà, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan tòmátì. Àrùn kan wà tí tábà àti tòmátì jọ ń kó, ó sì lè wà nínú ewé tábà gbígbẹ.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

A kò ní í tàn yín jẹ. Àtíbàbà kò lè rọ́pò oko tòmátì, kò sì ní í sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Bí ìtọ́jú bá pé, igi kan lè fún yín ní kílò 1 sí 2 kó tó rẹ̀ ẹ́. Igi 6 tó ń so á kájú apá tó pọ̀ nínú ọbẹ̀ ilé, pàápàá ní oṣù kẹfà àti oṣù keje tí ọjà le. Ọ̀rá àti nẹ́ẹ̀tì ni owó máa ń bá lọ jù. Ẹ má ṣe yáwó lé e lórí. Bí agbára kò bá tíì ká a, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpò 2 tàbí 3 lẹ́bàá ògiri tí oòrùn ń kàn, níbi tí etí òrùlé ti yọ síta tó láti gba òjò dúró. Bí àwọn yẹn bá yè títí òjò fi lọ, ẹ ó mọ̀ fúnra yín bóyá ó tó kí ẹ kan àtíbàbà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí a bá ní kí a gé gbogbo rẹ̀ kúrú, ohun tí a sọ ò ju èyí lọ: kí ewé gbẹ, kí erùpẹ̀ mọ́, kí ọmọ ti dìde kí ìyá tó jókòó. Ẹni tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tòmátì kò ní í wọ́n ọn.

Bí ohunkóhun bá ṣókùnkùn sí yín, ẹ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lágbègbè yín. Bí igi yín bá rọ, ẹ má fà á tu dànù kí a tó dé. Ẹ ti fi ife omi dán an wò ná, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa. A ó jọ wá ojútùú sí i.